Kí ni ìyá mi ń rí nínú fíìmù ìfẹ́ àwọn ọmọ ọba òyìnbó?

Ọmọ Ìdènà, Kétu:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú láti ìgbà ọdún Kérésìmesì tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i tọkàntọkàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìyá mi ni.

Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni a ti bí wọn, Kétu ni wọ́n ti ta ẹ̀wà àti gààrí títí orúnkún wọn fi kọ ọjà sílẹ̀, agbo ilé tí wọ́n sì ti dàgbà kò jìnnà sí Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí àlejò kì í wọ ìlú wa kó má béèrè ọ̀nà ibẹ̀. Èdè Faransé tí wọ́n gbọ́ kò ju ìkíni àti iye owó ọjà lọ. Láti ìgbà tí àbúrò mi tó wà ní Kútọnu ti ra tẹlifíṣọ̀n ńlá fún wọn, irú fíìmù kan ṣoṣo ni wọ́n yàn láàyò: àwọn fíìmù ìfẹ́ kékeré tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń dìídì ṣe fún tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n sì ti fi ohùn Faransé rọ́pò ohùn àwọn òṣèré kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin náà á ti rí i. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ akọ̀ròyìn, tàbí olùkọ́, tàbí ẹni tó ń ṣe kéèkì tà, yóò gbéra láti ìlú rẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù tí ẹnikẹ́ni kò lè fi hàn nínú máàpù. Yóò kọlu ọ̀dọ́mọkùnrin kan lójú ọ̀nà láìmọ̀ pé àrẹ̀mọ ọba ni. Ìyá ọba yóò fajú ro. Ijó ńlá yóò wáyé láàfin. Àṣírí kan yóò tú, ọmọbìnrin náà yóò sì di ẹrù rẹ̀, yóò máa lọ. Yìnyín yóò máa bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọmọ ọba yóò sì sáré bá a, yóò kúnlẹ̀ pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́.

Kí fíìmù náà tó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ti máa ń mọ bí yóò ṣe parí. Ìyá mi náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn kó tó ṣẹlẹ̀, wọ́n máa ń bá àwọn òṣèré sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó sí yàrá kan náà, nígbà tí òpin rẹ̀ bá sì dé, wọn a pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí kò retí rẹ̀ rárá.

Ohun tí kò yé mi nìyí. Ìyá mi mọ ohun tí ọba jẹ́. Ojú wọn ni Alákétu ti wàjà, ojú wọn ni a sì ti fi òmíràn jẹ. Ìtàn ogun ọdún 1886, nígbà tí Dàhòmì jó Kétu tí wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, títí dìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì tí àwọn tó ṣẹ́kù fi rí ọ̀nà padà wá tún ìlú tò, àwọn ni wọ́n sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré, bí àwọn ìyá àgbà tiwọn ṣe sọ ọ́ fún wọn. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, adé wúwo: èèwọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn baba ńlá wà níbẹ̀. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe wá fẹ́ràn ìjọba tí kò ní ogun, tí kò ní èèwọ̀, tí iṣẹ́ ọba ibẹ̀ kò ju kí ó rẹ́rìn-ín sí àwọn ọmọdé kí ó sì tan iná sára igi Kérésìmesì?

Mi ò béèrè kí a lè bẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà o. Láti ìgbà tí bàbá mi ti papò dà, ọ̀sán tí ìyá mi bá ń wo fíìmù wọ̀nyí ni ojú wọn máa ń dán jù lọ, mo sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń rí kí èmi náà lè bá wọn rí i.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀, Ṣábẹ̀:

Àbúrò mi, mo kí ìyá wa, mo sì kí ọ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ agbo ilé wa ní alẹ́, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ìdáhùn sí apá kan nínú ìbéèrè rẹ. Kò sí ọmọ kankan lágbo ilé wa tí kò tíì gbọ́ àlọ́ ọmọ ọba tí kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ pé Ìjàpá yóò gbé oyin sí ẹ̀bá ọ̀nà, pé ọmọ ọba yóò fọwọ́ kàn án, pé Ìjàpá yóò fi ẹ̀sùn olè kàn án títí yóò fi la ẹnu nítorí ìbínú, àti pé ọba yóò pín ohun ìní rẹ̀ sí méjì, yóò fi ìdajì ta Ìjàpá lọ́rẹ. Bí mo bá dán an wò pé kí n yí òpin rẹ̀ padà, àwọn ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ pariwo pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Bí a bá ti ní "Ààlọ́ o", tí wọ́n sì ti dáhùn pé "Ààlọ̀", gbogbo wa la mọ ibi tí orin wà, a sì jọ ń dúró dè é. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Nígbà tí ìyá wa bá ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn, ègbè orin ni wọ́n ń gbè.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù wọ̀nyí mọ èyí dáadáa, ibi tí wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n wá jọ mí lójú. Hallmark, ilé iṣẹ́ tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí, káàdì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1910, káàdì ìkíni ni wọ́n sì ń tà títí di òní. Ẹ rò ó wò: kò sí ẹni tó ń ra káàdì ìkíni nítorí pé ó fẹ́ ka ohun tí kò gbọ́ rí. Ó ń rà á kí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ní àkókò tó yẹ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré sórí tẹlifíṣọ̀n lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1951, eré olórin kan tí Gian Carlo Menotti kọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìtàn àwọn ọba mẹ́ta tó ń tẹ̀lé ìràwọ̀, tí wọ́n wá wọ̀ sí ilé opó tálákà kan àti ọmọ rẹ̀ tó yarọ. Ọba ń kan ilẹ̀kùn ahéré. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, n kò rò pé wọ́n ti kúrò lórí ìtàn yẹn. Aṣọ ni wọ́n kàn ń pààrọ̀ fún un.

Bí wọ́n ṣe ń to fíìmù náà kò ṣèèṣì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 lọ bí a bá yọ ìpolówó kúrò, àwọn òǹkọ̀wé sì máa ń gé ìtàn náà sí wẹ́wẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìpolówó yóò ṣe máa wọlé, tó fi jẹ́ pé kí ìpolówó kọ̀ọ̀kan tó dé, ohun kékeré kan ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ tí yóò dá òǹwòran dúró: ojú àwọn méjèèjì tó ṣe mẹ́rin, lẹ́tà kan tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, ìfẹnukonu tó kù díẹ̀ kí ẹnìkan tó ṣí ilẹ̀kùn. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ ro ọkà lórí iná lè padà wá kó má pàdánù nǹkan kan, ẹni tí kò gbọ́ èdè náà kò sì ní sọnù, nítorí pé ojú ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà kí etí tó gbọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TF1 àti M6 máa ń fi wọ́n hàn ní ọ̀sán, kí oṣù Kejìlá tilẹ̀ tó wọlé, ní àkókò tí àwọn tó wà nílé ń ṣe iṣẹ́ ilé lọ́wọ́.

Ní ti orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú máàpù tí o mẹ́nu bà, mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn rẹ fara pamọ́ sí. O béèrè pé báwo ni ẹni tó mọ ogun ọdún 1886 ṣe lè fẹ́ràn ìjọba tí kò ní ogun. Èmi yóò bi ọ́ pé, ta ni ìbá tún fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Bí òǹkọ̀wé bá lo ìdílé ọba tó wà lóòótọ́, gbogbo ohun tí ìdílé náà ti ṣe yóò tẹ̀lé e wọ inú fíìmù: ilẹ̀ tí wọ́n gbà, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú, ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé. Orílẹ̀-èdè tí ẹnìkan jókòó hun orúkọ rẹ̀ jọ kò ní òkú kankan nínú ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Fíìmù A Christmas Prince, tí Netflix gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, wáyé ní orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n pè ní Aldovia, ṣùgbọ́n ààfin tí a ń rí níbẹ̀ láti ìta ni ààfin Peleș tó wà ní ìlú Sinaia ní Romania. Ọba Carol Kìíní ló kọ́ ọ. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1875, wọ́n sì ṣí i ní 1883. Romania kò ní ọba mọ́ láti òpin ọdún 1947, nígbà tí wọ́n fipá mú Ọba Michael sọ adé kalẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ ààfin náà lónìí yóò san owó ìwọlé. Ilé náà lẹ́wà, ó ṣófo, ó ń retí ìtàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, Netflix kọ ọ́ sórí Twitter pé èèyàn 53 ti wo fíìmù yìí lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 18, wọ́n sì bi àwọn èèyàn náà léèrè pé ta ló ṣe wọ́n níbi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí nígbà tí mo kà á, ó sì ń dùn mí síbẹ̀. Bí ọmọdé bá ní kí a tún àlọ́ àná pa fún òun, ta ni nínú wa tó máa ń bi í pé ta ló ṣe é níbi?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Mary Donaldson, ọmọ ilẹ̀ Australia, pàdé ọkùnrin kan nílé ọtí ní ìlú Sydney lásìkò ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2000, wọ́n ní kò mọ̀ pé àrẹ̀mọ ọba Denmark ló ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọdún 2004, ó sì di ayaba ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Meghan Markle pàápàá ti ṣeré nínú fíìmù Hallmark kó tó fẹ́ Ọmọ Ọba Harry ní ọdún 2018.

Aránṣọ Àjàṣẹ́, Àjàṣẹ́:

Ọ̀rọ̀ bàbá olùkọ́ dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé aṣọ. Láti oṣù Kọkànlá ni àwọn oníbàárà mi ti máa ń gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọn a na àwòrán sí mi, tí wọn a ní kí n bá wọn rán irú èyí tí ọmọbìnrin yẹn wọ̀ lọ́jọ́ ijó. Ìyá wa kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí àgbà obìnrin Yorùbá tí kò gbọ́ èdè aṣọ. Nígbà tí ọmọbìnrin náà bá dé pẹ̀lú bàtà tó ti rin ẹrẹ̀, ìyá wa ti mọ ilé tó ti wá. Nígbà tí ìyá ọba bá sì wò ó láti bàtà dé orí, wọ́n ti mọ ohun tó wí láìjẹ́ pé ó wí i. Ẹ má gbàgbé pé lójú gbogbo èèyàn ni ọmọbìnrin náà máa ń ti àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gígùn lára. Ìyàwó tí a gbé jáde láti inú yàrá lọ́jọ́ ìdána ni mo máa ń rí níbẹ̀.

Ohun kan tún wà. Adé ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ọba wa ní ìbòjú. Ẹni tó dàgbà sí ẹ̀bá ààfin lè lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó má wo ojú ọba rẹ̀ tààrà. Nínú fíìmù wọ̀nyí, ojú ọmọ ọba gba gbogbo tẹlifíṣọ̀n: ìyá wa ń rí i nígbà tí ìtìjú mú un, nígbà tí omi lé sí ojú rẹ̀, nígbà tí kò mọ ohun tí yóò sọ. Mo rò pé ohun ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí a ti kọ́ láti kékeré pé kí ó tẹ ojú mọ́lẹ̀.

Mo mú àwọn ọmọ mi lọ sí Honmè, ààfin Ọba Toffa tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú wa níbí. A rìn láti àgbàlá kan bọ́ sí òmíràn, àbíkẹ́yìn mi sì béèrè pé níbo ni ọmọ ọba ti máa ń bá obìnrin jó. Mo ní ijó wà, ṣùgbọ́n ọba kì í di obìnrin lọ́wọ́ mú lójú ìlú kó máa yí i káàkiri. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Báwo wá ni obìnrin náà ṣe máa mọ̀ pé ó fẹ́ràn òun?" N kò tíì rí èsì fún un.

Ìyàwó Ilé, Kétu:

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ọmọ ọba. Iṣẹ́ oko ni ọkọ mi ń ṣe, ṣùgbọ́n ó wá láti ọ̀kan nínú ìdílé márùn-ún tí oyè Alákétu ń yí láàrin wọn. Nítorí pé oyè náà ń yí kiri, ọmọ ọba tó wà lórí ìtẹ́ kì í jókòó de ìtẹ́ bàbá rẹ̀ níhìn-ín. Èyí nìkan ti tó láti da gbogbo ìtàn wọn rú: bí kò bá sí àrẹ̀mọ tó gbọ́dọ̀ gbé ìyàwó kí ọjọ́ kan tó pé kí wọ́n má bàa gba adé lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni akọ̀ròyìn náà wá ṣe?

Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ṣíbí tí a fi ń jẹ ẹja àti èyí tí a fi ń jẹ ẹran. Oríkì ni wọ́n kọ́ mi. Mo gbọ́dọ̀ mọ oríkì ọkọ mi, mo gbọ́dọ̀ mọ ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ fún àwọn ọmọ kékeré tí a bí sílé ṣáájú kí n tó dé ní orúkọ tí èmi yóò máa pè wọ́n, nítorí pé ọkọ mi ni wọ́n jẹ́, n kò sì lè pe orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. Bí ìnáwó bá dé, ìyàwó ilé kì í sùn. Ẹnu ọ̀nà tí fíìmù náà ti máa ń parí ni ayé tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó máa ń dùn mí nínú wọn ni bí wọ́n ṣe ń lo ìyá ọba. Láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ni yóò ti máa ṣe òǹrorò, ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò sì fi ronú pìwà dà. Ìyá ọkọ mi kò ṣe òǹrorò sí mi rí, síbẹ̀ ó gba ọdún méje kí wọ́n tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a ń kó àwọn àwo ìnáwó sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì lọ jókòó. Mo wọ inú yàrá náà, mo sunkún láàrin àwọn ìkòkò. Bí ẹnìkan bá ṣe fíìmù nípa ọdún méje yẹn, èmi náà yóò wò ó lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 18.

Síbẹ̀, mo ń wo èyí tó wà nílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ibì kan wà tí àwọn méjèèjì yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá níbi ìso ẹṣin tàbí níbi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, tí ọmọ ọba yóò béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà pé, "Kí ni ìwọ fẹ́?" Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, mo máa ń sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ kúrò lórí iná.

Bàbá Ọlọ́mọge, Pọ́bẹ̀:

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n mo ní ọmọbìnrin mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń wo fíìmù wọ̀nyí lórí fóònù. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ jókòó máa retí ọkùnrin tó gun ẹṣin funfun tí yóò wá gbé wọn kúrò nínú làálàá. Nǹkan dídùn lè ba ọmọ jẹ́ bí kò bá rí ẹni tó sọ fún un pé oúnjẹ kọ́ ni.

Ìyàwó Ilé, Kétu:

Bàbá, ẹ̀rù yín kò burú, ọmọ ni ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tún un wò pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọbìnrin inú fíìmù náà ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó rí ọmọ ọba, iṣẹ́ náà ló gbé e dé ààfin, nígbà tí wọ́n bá sì jà, ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń padà sí. Ọmọ ọba ló máa ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá bá a níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àlọ́ tiwa, ẹ̀bùn ni ọmọ ọba obìnrin jẹ́. Wọn a gbé e fún ẹni tó bá borí, pẹ̀lú ìdajì ẹrù bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ń bi í bóyá ó fẹ́ Ìjàpá. Kí bàbá olùkọ́ má bínú sí mi, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ń bá àwọn ọmọ tèmi sọ̀rọ̀ lé lórí.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀, Ṣábẹ̀:

N kò bínú rárá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ẹ sọ, yóò sì wọ inú àlọ́ alẹ́ òní.

Ọmọ Ìdènà, Kétu:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ìyá mi láti òkè dé ilẹ̀ ní alẹ́ àná, ó sì gba àkókò, nítorí pé wọ́n ń dá mi dúró. Wọ́n ní kí n kí bàbá olùkọ́, pé ìyá tiwọn náà pa àlọ́ oyin yẹn fún wọn. Wọ́n ní aránṣọ Àjàṣẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní kí n tún un kà.

Lẹ́yìn náà ni mo wá bi àwọn fúnra wọn, ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó wá yọ yín lẹ́nu. Mo ní, "Ìyá mi, nínú gbogbo fíìmù náà, ibo ló dùn mọ́ yín jù?" Wọn kò ronú rárá. Wọ́n ní ibi tí ọkùnrin náà ti ń kúnlẹ̀ ni. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ọba kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni." Wọ́n ní, "Ṣé èmi ni ìwọ fẹ́ sọ ìyẹn fún?"

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní, "Lọ́jọ́ tí àwọn ìdílé bàbá rẹ wá tọrọ mi, òjò ti rọ̀ láti òru mọ́jú. Aṣọ funfun ni bàbá rẹ wọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá a. Gbogbo àgbàlá wa ti di ẹrẹ̀, àwọn àgbà ilé sì ní kó má dọ̀bálẹ̀ mọ́, pé kó kàn tẹ orí ba, pé àwọn ti gbà á bẹ́ẹ̀. Inú yàrá ni mo wà, wọn kò tíì pè mí jáde, mo ń yọjú láti ojú fèrèsé. Bàbá rẹ wo ilẹ̀, ó wo aṣọ náà, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú bàbá mi. Kò dìde títí bàbá mi fi ní kó dìde. Nígbà tó dìde, gbogbo àyà aṣọ náà ti pupa. A fọ̀ ọ́ títí, kò mọ́. Ìgbà tí a kórè àgbàdo ló tó ra òmíràn san fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Bàbá mi kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ní ọ̀sán òní, a jọ wo fíìmù mìíràn. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, tí ọmọ ọba sì fi orúnkún kan ilẹ̀, ìyá mi na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní, "Dìde, ọmọ ọba, ilẹ̀ tutù." Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu wọn láti ọdún tó kọjá, n kò sì gbé ojú sókè nídìí fóònù mi rí.